Bí A Ti Ń Ṣí Fáìlì àti Bí A Ti Ń Dá Tuntun Sílẹ̀ Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí wà fún ẹnikẹ́ni tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn: akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, olùtọ́jú owó ìjọ tàbí ti mọ́sálásí, olùkọ́ tí orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Láyé àtijọ́, inú ìwé ńlá elépo líle ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bọ́ sínú fáìlì kọ̀ǹpútà. Ìyípadà yìí dára, ṣùgbọ́n ó mú ewu kan wá tí ìwé ńlá kò ní. Kò sí ẹni tí ó lè fi ṣíṣí nìkan pa ohun tí a ti kọ sínú ìwé rẹ́. Nínú ètò kọ̀ǹpútà, ṣíṣí nìkan tó láti sọ àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá di òfìfo, bí ẹni tí ó ṣí fáìlì náà bá fi àṣẹ tí kò yẹ ṣí i. Bí a ó ti mọ àṣẹ tí ó yẹ ni kókó ẹ̀kọ́ wa.

Èdè Python ni a ó fi ṣe àlàyé. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni ó dá èdè náà sílẹ̀, ó sì kọ́kọ́ fi í síta ní ọdún 1991. Ọ̀fẹ́ ni a ń gbà á, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows àti èyí tí ó ń lo Linux. Ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀ lè tẹ̀lé ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú, nítorí pé ìlà ètò tí a ó kọ kò pọ̀, a ó sì túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

1. KÍ NI FÁÌLÌ?

Fáìlì ni àkójọ ọ̀rọ̀, nọ́ńbà tàbí àwòrán tí kọ̀ǹpútà tọ́jú pa mọ́ lábẹ́ orúkọ kan, tí kò sì ní parẹ́ nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ náà. Inú fódà, èyí tí í ṣe àpò tí a ń kó fáìlì sí, ni fáìlì kọ̀ọ̀kan máa ń wà. Fódà kan sì lè wà nínú fódà mìíràn, gẹ́gẹ́ bí yàrá ti wà nínú ilé, tí ilé sì wà nínú agbo ilé. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ fi fáìlì kan han kọ̀ǹpútà, orúkọ rẹ̀ nìkan kò tó. A ní láti mọ ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀.

2. AṢOJÚ TÍ A Ń RÁN NÍṢẸ́

Python jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní object-oriented. Orílẹ̀-èdè Nọ́wè ni ìlànà yìí ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ṣe èdè kan tí wọ́n pè ní Simula láàárín ọdún 1960 sí 1970. Ohun tí ìlànà náà wí kò le rárá. A ó kó ìmọ̀ nípa nǹkan kan, àti àwọn iṣẹ́ tí ó lè ṣe, pọ̀ sí ojú kan, a ó sì fún un ní orúkọ. Nígbà tí a bá fẹ́ kí iṣẹ́ kan di ṣíṣe, a ó pe orúkọ náà, a ó sì sọ iṣẹ́ tí a fẹ́. Object ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó pè é ní aṣojú, nítorí pé ìwà rẹ̀ jọ ti ẹni tí ìlú rán níṣẹ́: ó mọ ibi tí ó ń lọ, ó mọ iṣẹ́ tí a rán an, kò sì gbọdọ̀ ṣe ju àṣẹ tí a fún un lọ.

Aṣojú méjì ni a ó bá ṣiṣẹ́. Èkíní ni aṣojú ọ̀nà, tí Python ń pè ní Path. Òun ni ó mọ orúkọ fáìlì àti fódà tí ó wà. Ó wọ inú Python ní ọdún 2014, nígbà tí irú Python tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3.4 jáde. Èkejì ni aṣojú fáìlì fúnra rẹ̀. Aṣojú ọ̀nà ni yóò fi í lé wa lọ́wọ́ nígbà tí a bá ní kí ó ṣí fáìlì, òun ni ó sì lè kà tàbí kí ó kọ̀wé.

Ẹ wo ìlà méjì wọ̀nyí:

from pathlib import Path
iwe = Path("owo_egbe.txt")

Ìlà kìíní sọ fún Python pé kí ó mú Path jáde láti inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ìlà kejì ṣe aṣojú ọ̀nà kan, ó sì sọ ọ́ ní iwe. Láti ìsinsìnyí lọ, bí a bá kọ iwe, tí a fi àmì ìdánudúró tẹ̀lé e, tí a sì kọ orúkọ iṣẹ́ kan, ó dà bí ẹni pé a wí pé, "Iwe, ṣe iṣẹ́ báyìí." Nítorí náà, iwe.open túmọ̀ sí "Iwe, ṣí i."

3. ORÚKỌ KÌ Í ṢE FÁÌLÌ

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a mọ̀ pé ìlà kejì tí a kọ lókè kò tíì dá fáìlì kankan sílẹ̀. Àdírẹ́sì ni a ṣì kọ. Ẹni tí ó kọ àdírẹ́sì sórí ìwé kò tíì kọ́ ilé. Ó ṣeé ṣe kí ilé ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ilẹ̀ ṣófo.

Bí a bá fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́, a lè bi aṣojú wa ní ìbéèrè méjì:

print(iwe.resolve())
print(iwe.exists())

Ìbéèrè kìíní ni pé, "Níbo gan-an ni ọ̀nà rẹ já sí?" Kọ̀ǹpútà yóò sì to orúkọ gbogbo fódà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìbéèrè kejì ni pé, "Ǹjẹ́ nǹkan wà níbẹ̀?" Ìdáhùn rẹ̀ ni True bí ó bá wà, tàbí False bí kò bá sí.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níhìn-ín. Nígbà tí a kò bá dárúkọ fódà, inú fódà tí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni Python yóò wò. Bí akọ̀wé bá bẹ̀rẹ̀ ètò kan náà láti inú fódà mìíràn lọ́jọ́ kejì, ibòmíràn ni yóò máa wá fáìlì rẹ̀ sí. Yóò rò pé àkọsílẹ̀ ti sọnù, bẹ́ẹ̀ ni ó wà níbi tí ó fi í sí láìsí ohun tí ó ṣe é. Ẹni tí ó bá ti fi resolve wádìí kò ní bọ́ sínú ìpayà bẹ́ẹ̀.

4. ÀṢẸ MẸ́RIN

Nígbà tí a bá ní kí aṣojú wa ṣí fáìlì, a ní láti fi lẹ́tà kan sọ ohun tí a fẹ́ ṣe nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́rin tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni wọ̀nyí.

"r" ni àṣẹ kíkà. Fáìlì gbọ́dọ̀ ti wà. Aṣojú tí a fún ní àṣẹ yìí kò lè kọ ohunkóhun. Bí a bá ní kí ó kọ̀wé, yóò kọ̀ fún wa. Bí a kò bá dárúkọ àṣẹ kankan, èyí ni Python yóò mú.

"a" ni àṣẹ fífi kún. Ohun tí ó wà nínú fáìlì yóò wà bí ó ti wà, ìparí rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tuntun yóò bọ́ sí. Bí fáìlì kò bá sí, Python yóò dá a sílẹ̀.

"x" ni àṣẹ dídá tuntun sílẹ̀. Bí fáìlì tí ó ń jẹ́ orúkọ náà bá ti wà, Python yóò kọ̀, kò sì ní fọwọ́ kàn án. Àṣẹ yìí wọ inú Python ní ọdún 2012, nínú irú 3.3.

"w" ni àṣẹ kíkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí fáìlì kò bá sí, yóò dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wà, yóò kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Kò ní béèrè bóyá a fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sì ní dúró di ìgbà tí a bá kọ ọ̀rọ̀ kìíní. Lójú ẹsẹ̀ tí ó ṣí fáìlì náà ni ó ti sọ ọ́ di òfìfo.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní ọgọ́ta ọmọ ẹgbẹ́, tí akọ̀wé sì ń kọ owó tí olúkúlùkù bá san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó kọ ètò kékeré kan pẹ̀lú àṣẹ "w". Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, gbogbo rẹ̀ lọ déédéé, nítorí pé kò sí fáìlì kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún lo ètò kan náà. Kò sí àmì àṣìṣe kankan, orúkọ àwọn tí ó san owó lọ́sẹ̀ náà sì hàn kedere. Ó dìgbà tí ọdún bá parí, tí a bá fẹ́ pín èlé, kí a tó rí i pé ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn nìkan ni ó wà nínú fáìlì. Kí ni ẹgbẹ́ yóò wí fún opó tí ó ní òun ti san owó òun láti oṣù kìíní? Kò sí ẹni tí ó jalè, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè fi jẹ́rìí mọ́, ìfura yóò sì bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ti ń fọkàn tán ara wọn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Kò yẹ kí a rò nítorí èyí pé "w" burú. Ó ní ìwúlò tirẹ̀ nígbà tí a bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kọ ohun tuntun dípò ti àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí àkótán tí a lè tún ṣírò nígbàkígbà. Àkọsílẹ̀ tí a kò lè rí níbòmíràn ni kò yẹ kí a fi "w" ṣí.

5. DÍDÁ FÁÌLÌ TUNTUN SÍLẸ̀

Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ rẹ̀, àṣẹ "x" ni ó yẹ:

with iwe.open("x", encoding="utf-8") as f:
    f.write("Àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́\n")

Ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ rẹ̀. Iwe ni a ní kí ó ṣí fáìlì pẹ̀lú àṣẹ dídá tuntun sílẹ̀. Aṣojú fáìlì tí ó fi lé wa lọ́wọ́ ni a sọ ní f. A wá ní kí f kọ àkọlé. Àmì \n túmọ̀ sí pé kí ó bọ́ sí ìlà tuntun. Ọ̀rọ̀ with àti encoding ni a ó ṣàlàyé láìpẹ́. Àyè mẹ́rin tí ó wà níwájú ìlà kejì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni Python fi ń mọ̀ pé ìlà náà wà lábẹ́ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá tún lo ètò yìí lọ́la, Python yóò dúró, yóò sì kọ FileExistsError, ìyẹn ni pé fáìlì náà ti wà tẹ́lẹ̀. Ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ni ààbò wa.

Àwọn mìíràn lè béèrè pé, kí ló dé tí a kò fi exists wádìí ná, kí a sì fi "w" ṣí i bí ìdáhùn bá jẹ́ False? Ìdí rẹ̀ ni pé àkókò díẹ̀ wà láàárín ìbéèrè àti ìṣísílẹ̀. Níbi tí ènìyàn méjì ti ń lo fódà kan náà, ẹnìkejì lè dá fáìlì sílẹ̀ ní àkókò kékeré yẹn, tiwa yóò sì pa tirẹ̀ rẹ́. Ní ti "x", ìwádìí àti ìdásílẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, kò sì sí àlàfo láàárín wọn.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí aṣojú ọ̀nà lè ṣe, orúkọ rẹ̀ ni touch. Iwe.touch() yóò dá fáìlì òfìfo sílẹ̀ bí kò bá sí. Bí ó bá wà, kò ní pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Àkókò tí a fọwọ́ kàn án kẹ́yìn nìkan ni yóò yí padà. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra fún write_text. Ó rọrùn láti lò, nítorí pé ó ń ṣí fáìlì, ó ń kọ̀wé sínú rẹ̀, ó sì ń pa á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣẹ "w" ni ó ń lò lábẹ́lẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí lẹ́tà náà níbẹ̀ fún wa láti rí.

6. FÍFI KÚN ÀTI KÍKÀ

Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, àṣẹ "a" ni akọ̀wé yóò máa lò:

with iwe.open("a", encoding="utf-8") as f:
    f.write("Àjàní, 500\n")

Nígbàkígbà tí a bá lo ètò yìí, ìlà kan yóò kún àkọsílẹ̀, ti ìṣáájú yóò sì wà ní ipò rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí a kíyè sí. Nítorí pé "a" máa ń dá fáìlì sílẹ̀ bí kò bá sí, kò ní kìlọ̀ fún wa bí a bá ṣi orúkọ fáìlì kọ. Bí a bá kọ owo_egbo dípò owo_egbe, yóò bẹ̀rẹ̀ fáìlì tuntun láìwí nǹkan kan, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ yóò sì pín sí méjì. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a kọ orúkọ fáìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní òkè ètò, kí a sì máa pe iwe níbi gbogbo yòókù.

Bí a bá fẹ́ kà á:

with iwe.open("r", encoding="utf-8") as f:
    for ila in f:
        print(ila.rstrip())

Ní ìlà kọ̀ọ̀kan ni aṣojú yóò máa mú ọ̀rọ̀ náà wá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí àkọsílẹ̀ bá tilẹ̀ gùn púpọ̀, kọ̀ǹpútà kékeré lè kà á láìsí ìnira. Iṣẹ́ rstrip ni láti mú àmì ìlà tuntun kúrò ní ìparí, kí àlàfo má baà wà láàárín ìlà kan àti èkejì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wo àkọsílẹ̀ nìkan, "r" ni kí a fún un. Kódà bí ó bá ṣèèṣì ní kí aṣojú kọ̀wé, aṣojú kò ní gbà.

7. PÍPA FÁÌLÌ DÉ

Nígbà tí a bá ní kí f kọ̀wé, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ náà máa ń bọ́ sínú fáìlì lójú ẹsẹ̀. Python lè kọ́kọ́ kó o jọ sínú iyè kọ̀ǹpútà, kí ó tó dà á sílẹ̀ papọ̀, gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ó ń kó ìgbá jọ sínú agbọ̀n kí ó tó gbé e lọ sílé. Bí iná mànàmáná bá lọ kí ó tó dà á sílẹ̀, ohun tí ó wà nínú agbọ̀n yóò sọnù. Àwa tí a mọ bí iná ti ń lọ láìdágbére kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Pípa fáìlì dé ni ó ń mú kí Python kó ohun tí ó kù jáde. Iṣẹ́ with nìyẹn. Nígbà tí àwọn ìlà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ bá parí, yóò pa fáìlì dé fúnra rẹ̀, kódà bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ láàárín. Nítorí náà, kí akọ̀wé ṣí fáìlì, kí ó kọ ohun tí ó fẹ́ kọ, kí ó sì jẹ́ kí ó padé. Kò yẹ kí a ṣí i sílẹ̀ láàárọ̀ kí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

8. ÀMÌ OHÙN ÀTI LẸ́TÀ ABÉ ÀMÌ

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gan-an. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, kì í ṣe lẹ́tà. Àdéhùn gbọ́dọ̀ wà nípa nọ́ńbà tí ó dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àdéhùn yìí ni a sì ń pè ní encoding. Ọ̀kan nínú wọn ni UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní ọdún 1992. Ó lè gba lẹ́tà gbogbo èdè ayé. Lábẹ́ àdéhùn yìí, lẹ́tà o gba nọ́ńbà kan, ó gba méjì, ọ gba mẹ́ta, ọ́ sì gba márùn-ún nígbà tí a bá fi àmì ohùn lé ọ lórí.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows ṣì ní àdéhùn àtijọ́ kan lọ́wọ́ tí kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ nínú. Nínú púpọ̀ nínú àwọn irú Python tí ó ti jáde, àdéhùn àtijọ́ yìí ni ètò yóò mú lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bí a kò bá dárúkọ èyí tí a fẹ́. Ohun méjì ni ó lè ṣẹlẹ̀. Bí a bá fi í ka fáìlì tí a kọ ní UTF-8, lẹ́tà ẹ lè jáde bí áº¹, owó yóò sì jáde bí owÃ³. Bí a bá fi í kọ̀wé, Python yóò dúró sí ibi tí ó ti pàdé ẹ, yóò sì kọ UnicodeEncodeError.

Ẹ wo bí ewu méjèèjì ti lè pàdé. Bí ẹnìkan bá fi "w" ṣí àkọsílẹ̀ àtijọ́ láìdárúkọ UTF-8, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò ti parẹ́ ná. Nígbà tí ó bá wá fẹ́ kọ orúkọ Ẹ̀bùn sínú rẹ̀, ètò yóò kọ̀. Ti àtijọ́ ti lọ, tuntun kò sì wọlé.

Àwọn kan ní kí a má fi àmì sí i mọ́, kí wàhálà lè dínkù. Àmọ̀ràn yẹn kò dára. Nínú èdè wa, owó yàtọ̀ sí òwò, ọwọ́ sì yàtọ̀ sí ọ̀wọ̀. Ohun tí a nílò kò ju kí a kọ encoding="utf-8" nígbàkígbà tí a bá ń ṣí fáìlì ọ̀rọ̀, ìbáà ṣe láti kọ ọ́ tàbí láti kà á.

9. NÍGBÀ TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ BÁ KỌ̀

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe bẹ̀rù nígbà tí ètò rẹ̀ bá dúró. Ìlà ìkẹyìn nínú ohun tí kọ̀ǹpútà kọ ni kí ó kọ́kọ́ kà. FileNotFoundError wí pé kò rí fáìlì tí a ní kí ó kà, tàbí pé fódà tí a fẹ́ dá fáìlì sí kò sí. Dídá fáìlì kì í dá fódà mọ́ ọn. A ní láti fi mkdir dá fódà sílẹ̀ ná. PermissionError wí pé a kò fún wa láyè níbẹ̀. FileExistsError ni a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe tí ó pariwo sàn ju èyí tí ó dákẹ́ lọ, nítorí pé èyí tí ó dákẹ́ ni ó ń ba àkọsílẹ̀ jẹ́ fún ọdún kan kí a tó mọ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sọ́dọ̀ Python nìkan. Nínú èdè C#, FileMode.CreateNew ni ó ń ṣe iṣẹ́ "x", FileMode.Append ni ó ń fi kún, FileMode.Create ni ó sì ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Java náà ní CREATE_NEW tirẹ̀. Orúkọ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: kí ni o fẹ́ ṣe nínú fáìlì tí o fẹ́ ṣí yìí?

10. ÀKÓTÁN

Wádìí ibi tí fáìlì rẹ wà. Fi "x" bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ tuntun. Fi "a" fi kún un. Fi "r" kà á. Yẹra fún "w" lórí ohun tí a kò lè rí níbòmíràn. Lo with, kí fáìlì lè padé. Dárúkọ UTF-8. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ní ẹ̀dà kan sórí ẹ̀rọ mìíràn, nítorí pé kò sí àṣẹ kankan tí ó lè gba fáìlì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tí a jí gbé tàbí tí iná jó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ń KÀ Á PỌ̀

Kí ẹnìkan ka ìbéèrè sókè, kí àwọn yòókù sì dáhùn kí a tó wo ìsàlẹ̀.

(i) Akọ̀wé kan fi "w" ṣí fáìlì ọdún tí ó kọjá, kò kọ nǹkan kan, ó sì pa á dé. Kí ni ó kù nínú fáìlì náà?

(ii) Akọ̀wé mìíràn fi "a" ṣí fáìlì, ṣùgbọ́n ó ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. Ǹjẹ́ Python yóò kìlọ̀ fún un?

(iii) A lo ètò tí ó ní "x" lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ìgbà kejì?

(iv) Olùtọ́jú owó ṣí àkọsílẹ̀, ó sì rí áº¹ níbi tí ó yẹ kí ẹ wà. Ǹjẹ́ fáìlì náà ti bàjẹ́?

ÌDÁHÙN

(i) Kò sí ohun tí ó kù. (ii) Kò ní kìlọ̀. Yóò dá fáìlì tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí a ṣì kọ náà. (iii) Python yóò kọ FileExistsError, fáìlì ti ìṣáájú yóò sì wà láìyí padà. (iv) Ó ṣeé ṣe kí ó má tíì bàjẹ́, kí ó jẹ́ pé àdéhùn tí kò yẹ ni a fi kà á. Kí ó má ṣe tún un kọ, kí ó má sì ṣe tọ́jú rẹ̀ bí ó ti rí yẹn. Kí ó pa á dé, kí ó sì fi UTF-8 ṣí i fún kíkà.